Ògiri Tó Lanu: Ìjàǹbá Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ Nìkan

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbéra láti Ìsọlọ̀, ó forí lé Aláúsá. Nígbà tó dé PWD ní Ṣógúnlẹ̀, níbi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá, ọkọ̀ ojú irin kọ lù ú, ó sì tì í lọ lórí irin. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà ló bá ìjàǹbá náà lọ. Tí a bá ka àwọn tó kú mọ́ àwọn tó fara pa, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ni wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n ké sí aráàlú fún ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn sì tò lọ bẹẹrẹ láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. Gómìnà Sanwó-Olú kéde ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀fọ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo Èkó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àjọ LASEMA tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà fẹ́ sáré kọjá kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Àwọn kan ní ó ki ẹ́ápíìsì bọ etí. Ọlọ́pàá mú un, ìjọba gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ó ní òun kò jẹ̀bi. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Adájọ́ ló ni ín. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni pé: tí a bá ti rí awakọ̀ mú, ṣé ìwádìí ti parí nìyẹn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ẹnìkan ń bọ̀ tí yóò gbé òun dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè rí ohun tó gbé òun ṣubú, kí ẹlòmíràn má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́. Lójú tiwa, ìlú Èkó máa ń ṣubú bí ọmọdé. A máa ń sunkún, a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, a máa ń bú awakọ̀, lẹ́yìn náà a dìde, a sì tún ń lọ. Ohun tó gbé wa ṣubú ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn méjì tó ń ti ilẹ̀kùn

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá máa ń tẹ́tí sí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní: "Dírẹ́bà yẹn ló pa wọ́n. Eré àsápajúdé ló ń sá." Àwọn mìíràn á ní: "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ayé ló wà nídìí ẹ̀." Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà kan náà ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹnìkan á fi kún un pé Ògún ló ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ń tako ara wọn: èkíní di gbogbo ẹrù lé èèyàn kan lórí, èkejì gbé e kúrò lórí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn méjèèjì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè. Tó bá jẹ́ pé awakọ̀ burúkú kan ló fà á, a ti mú un, ó tán. Tó bá jẹ́ àmúwá, kí ni ẹ̀dá lè ṣe sí i? Ó tán náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kẹta wà nínú èdè wa tí a kì í sábà rántí nídìí ìjàǹbá: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé aláǹgbá kò wọlé. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa aláǹgbá kan tí kò dí ògiri, yóò tún pa òmíràn lọ́la.

Ohun tí òwe yìí sọ ni àwọn onímọ̀ nípa ààbò ìrìnnà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. James Reason, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Manchester, fi wàràkàṣì oníhò ṣe àpèjúwe rẹ̀. Wàrà tí àwa mọ̀ kì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lo ajere. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi ajere pọn omi, torí ihò ló kún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá to ajere márùn-ún léra tí ihò wọn kò ṣe déédéé, omi tó bá gba ihò ti òkè lè má rí ihò ti ìsàlẹ̀ gbà. Ọjọ́ tí gbogbo ihò náà bá ṣe déédéé ni omi ń jò dé ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni à ń pè ní ọjọ́ ìjàǹbá. Àṣìṣe awakọ̀ jẹ́ ihò kan nínú ajere kan. Ó sábà máa ń jẹ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá, òun sì ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká to ajere náà léra ní PWD

Ajere àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Títì àti ojú irin pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹni tó ń wà á bá tẹ bíréèkì, yóò ṣì rìn jìnnà kí ó tó dúró. Nítorí náà, níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ọkọ̀ orí títì nìkan ló lè yẹra.

Ajere kejì ni ọjọ́ orí ọ̀nà náà. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà náà, Òṣòdì àti Ṣógúnlẹ̀ kò tíì rí bí wọ́n ṣe rí lónìí. Ìlú ló wá bá irin. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ń pọ̀ sí i lórí irin, ọkọ̀ ń pọ̀ sí i lórí títì, ṣùgbọ́n títì àti irin ṣì ń pàdé lórí ilẹ̀ kan náà.

Ajere kẹta ni ẹni tó dúró láàárín. Ní ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Èkó, ẹ̀dá kan tó mú àsíá lọ́wọ́ ni a fi ṣe odi láàárín irin àti títì. Ọ̀kadà lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Dánfó lè fun fèrè mọ́ ọn. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ó sì ń bá àwọn tí kò fẹ́ dúró jà láti àárọ̀ dalẹ́. Àsíá kò lè dá bọ́ọ̀sì dúró. Awakọ̀ tó bá fẹ́ dúró nìkan ni àsíá lè dá dúró.

Ajere kẹrin ni àṣà. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí ọkọ̀ tó sáré gba orí irin kọjá nígbà tí wọ́n ti ń fi àsíá dá èèyàn dúró? Ẹni tó sá a kọjá lónìí tí nǹkan kan kò ṣe é ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ burúkú ni. Lọ́la, yóò tún ṣe é. Tó bá di ìgbà ọgọ́rùn-ún, kì í tún ka ohun tó ń ṣe sí ewu mọ́. Ó ti di bí a ṣe ń wakọ̀ l'Ékòó. Onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Diane Vaughan, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó mú ọkọ̀ Challenger gbiná ní òfurufú ní ọdún 1986 tí ènìyàn méje fi kú. Ohun tó rí ni pé àwọn ẹnjiníà ti ń rí àmì ewu láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n torí pé ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láìsí wàhálà, ewu náà ti di ohun tí ojú wọ́n mọ́. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní àárín àwọn tó ń rán èèyàn lọ sí ojú ọ̀run, kí la fẹ́ sọ nípa oníbọ́ọ̀sì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti há mọ́ láti Ìsọlọ̀?

Ajere karùn-ún ni ìkánjú, ìkánjú yìí kì í sì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó pa ìwé. Awakọ̀ dánfó tí kò ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí owó tí yóò kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, kí ó rí ti epo, kí ó rí ti àwọn àgbèrò ní gbogbo ibùdókọ̀, kí ó tó wá rí ti ara rẹ̀ àti ti kọ̀ndọ́tọ̀. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin òru tí ó ṣì ń wakọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oorun á máa kùn ún. Àwa èrò náà ńkọ́? Àwa là ń pariwo pé, "Dírẹ́bà, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre!" Tó bá wá forí sọ nǹkan, àwa náà la máa kọ́kọ́ sọ pé ìkánjú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Nínú àwọn ajere wọ̀nyí, èwo ni ẹ̀wọ̀n awakọ̀ kan lè dí? Ọ̀kan péré, ìyẹn náà sì jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tó lọ láti Agbádó dé Òyìngbò tó sì gba Òṣòdì kọjá. Wọ́n kọ́ afárá fún ọkọ̀ ní Ìkẹjà, ní Mùṣín, ní Yábàá àti ní Òyìngbò, kí ọkọ̀ máa gba òkè, kí rélùwéè máa gba ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. A gbóríyìn fún wọn lórí èyí. Afárá kì í bi awakọ̀ bóyá ó sùn dáadáa lánàá. Kì í bi í bóyá ẹ́ápíìsì wà létí rẹ̀ tàbí bóyá ó ń kánjú. Bí ó ti wù kí orí awakọ̀ gbóná tó, kò lè bá rélùwéè pàdé lórí afárá. Ohun tí à ń pè ní dídí ògiri nìyẹn. Ìbéèrè wa ni pé gbogbo ibi tí títì àti irin ti ṣì ń pàdé, ìgbà wo ló máa kàn wọ́n? Níbi tí owó afárá kò bá sì tíì sí, ṣé irin ìdábùú tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ náà kò lè sí?

Ibi kan náà, awakọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mọ̀ pé ògiri ló lanu: kí ó wò ó bóyá awakọ̀ yí padà tí ìjàǹbá kò yí padà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó bọ́ lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lórí nísàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà mìíràn já bọ́ ní Ojúẹlẹ́gba yẹn kan náà, ó bọ́ lé bọ́ọ̀sì èrò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ti PWD fi ṣẹlẹ̀. Láàárín méjèèjì, ọdún méje àti oṣù mélòó kan ló wà. Tírélà yàtọ̀, ẹni tó wà á yàtọ̀. Afárá ni kò yàtọ̀, bí a ṣe ń kó ẹrù kúrò ní èbúté náà kò sì yàtọ̀.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ló ní ibi tí a fi ń kọ́ ọ mọ́ ara tírélà. Tí a kò bá kọ́ ọ, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló ń dì í mú, bó bá sì dé ibi tí ọ̀nà ti dẹ̀gbẹ́ tàbí tó yí kọ́rọ́, ó lè dà nù. Ta ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde ní èbúté? Ta ló yẹ kó tún un yẹ̀ wò lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, níbi tí àwọn tírélà yìí ti ń kọjá tọ̀sán-tòru? Tó bá jẹ́ awakọ̀ nìkan ló ni iṣẹ́ yẹn, a jẹ́ pé ajere kan péré la gbé sílẹ̀, a wá ń retí kí omi má jò.

Ẹ tún wo àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń mú àwọn tó sáré gba orí títì kọjá nígbà tí afárá wà lókè orí wọn. Òótọ́ ni pé ohun tí wọ́n ń ṣe léwu. Ṣùgbọ́n tí àwọn èèyàn tí orí wọn pé, ìyá ọlọ́mọ, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, bá kọ afárá sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ó yẹ kí ẹnìkan gun afárá náà kó lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ṣé iná wà níbẹ̀ lálẹ́? Ṣé àwọn jàgùdà kò dúró síbẹ̀? Ṣé àwọn ọlọ́jà kò ti gba ojú ọ̀nà tán? Ṣé arúgbó lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀? Bí èèyàn kan bá ṣe àṣìṣe, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń ṣe àṣìṣe kan náà níbì kan náà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni.

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nínú ọ̀rọ̀ ààbò yìí, òun sì ni bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí ilé àwọn kan nínú wa. Máfolúkù ní Òṣòdì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfurufú iléeṣẹ́ Associated Airlines gbéra níbẹ̀ láti gbé òkú gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, Olóyè Olúṣẹ́gun Àgágù, lọ sí Àkúrẹ́. Ogún ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ó já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀ kó tó lọ jìnnà, ó sì lé ní ìdajì wọn tó kú. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá òfurufú gbọ́ ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá awakọ̀. Ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ pé ọkọ̀ kò tíì wà ní ipò tó yẹ kó fi gbéra. Igbákejì awakọ̀ béèrè bóyá kí wọ́n dá a dúró. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí wọ́n máa lọ.

Ìwádìí náà kò dúró lórí ọ̀gá awakọ̀. Ó mẹ́nu ba ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó mẹ́nu ba ìwà àti àṣà inú iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì mẹ́nu ba àwọn aláṣẹ tí wọn kò bójú tó o tó. Ajere lórí ajere ni.

Ohun tó ń dun wá níbẹ̀ ni ìbéèrè yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: ìbéèrè ló ṣe, kò sọ pé "Ẹ dúró!" Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú KLM àti ti Pan Am kọ lu ara wọn ní Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ẹnjiníà tó wà nínú ọkọ̀ KLM ti béèrè bóyá Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá fi dá a lójú pé ó ti kúrò. Kò tíì kúrò. Lẹ́yìn irú àwọn ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí igbákejì ṣe lè sọ̀rọ̀ jáde, àti bí ọ̀gá ṣe lè gbọ́ ọ. United Airlines ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún 1981.

Ẹ gbé e wá sínú dánfó. Kọ̀ndọ́tọ̀ gbọ́ tí bíréèkì ń han. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ẹni tó ń wakọ̀ tó bàbá rẹ̀. Tó bá ní, "Ọ̀gá mi, bíréèkì yìí ò dáa mọ́ o," kí ni èsì? "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?" Èrò tó bá ní kí dírẹ́bà rọra, wọ́n á ní kó wá jókòó síwájú kó wá wà á. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yẹn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ajere kan ti kúrò nínú àwọn tí a tò léra nìyẹn.

A kò sọ pé kí ọmọdé máa rí àgbà fín. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èdè wa ní ohun tí ó tó láti fi kìlọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ dákun, ẹ dúró, ẹ̀mí là ń sọ o." Ohun tó kù ni kí àgbà gbà pé ẹni tó dá òun dúró lójú ewu kò tàbùkù òun. Ó yẹ kí àwọn alága ibùdókọ̀ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ fi èyí ṣe òfin: tí kọ̀ndọ́tọ̀ bá ní ọkọ̀ kò dára, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò títí mẹkáníìkì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé a ní kí awakọ̀ máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí, èèyàn kú, ẹ̀ ń pa òwe ògiri." Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú nínú bọ́ọ̀sì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajere. Ó fẹ́ ìdájọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Awakọ̀ tó mutí yó tó wá di ọwọ́ ọkọ̀ mú ti ṣẹ̀, kí òfin mú un.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ adájọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùwádìí. Adájọ́ ń bi pé: ta ló ṣẹ̀? Olùwádìí ń bi pé: kí ló máa jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀? Nínú òfin àgbáyé tó de ìwádìí ìjàǹbá òfurufú, ó wà ní kedere pé torí kí ìjàǹbá má tún ṣẹlẹ̀ ni a fi ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe torí kí a lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òfin ọdún 2022 ló sọ àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá òfurufú nílẹ̀ wa di NSIB, ó sì fi ti ojú irin àti ti ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Àjọ yìí ló ṣe ìwádìí ti PWD náà. A nílò iṣẹ́ méjèèjì. Àṣìṣe wa ni pé tí adájọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, a máa ń gbàgbé olùwádìí.

Òwe kan tún sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí awakọ̀ bá gbé epo, ta ló dúró nísàlẹ̀ àjà tó ń gbà á? Ẹni tó ni ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, ẹni tó gba owó tó jẹ́ kó kọjá, ẹni tó mọ̀ pé títì àti irin ń pàdé tí kò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, gbogbo wọn ló ní kóló lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tiwa

Kí ló wá kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá? Ohun méjì ni a rí.

Àkọ́kọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìròyìn ìwádìí ìjàǹbá. Ẹni tó ń ju àsíá lójú irin, awakọ̀ dánfó ní Òṣòdì Òkè, kọ̀ndọ́tọ̀ tó ń ké "Ìsọlọ̀, Jákáǹdè, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o," àwọn ni ìmọ̀ràn inú ìròyìn náà wà fún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní kà á láéláé. À ń kọ́ ìtumọ̀ èdè ní kíláàsì. A máa ń túmọ̀ ìtàn àti ewì fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣé a kò lè mú ìròyìn NSIB kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ ní ojú ewé méjì ní Yorùbá tó já gaara, kí a sì kà á sórí fóònù kí àwọn awakọ̀ lè máa gbọ́ ọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde tẹ́ ẹ sì wà ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin lẹ ní ẹnu tí ìlú ń gbọ́. Ẹ bá wa gbé e.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ tí a kò tíì fi orúkọ pè. Kí ìjàǹbá ńlá kan tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ kékeré ti máa ń ṣe bí ẹni ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ku díẹ̀ kó gbá ọmọ. Bíréèkì kọ̀, ó wá mú nígbẹ̀yìn. Rélùwéè gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kọjá bíi kó fi irun imú pàdé e. Kí là ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀? À ń dúpẹ́. A máa ń lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń ṣe sàráà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tí ewu fò dá yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún ẹni tó lè tún ibẹ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni NASA ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, wọ́n sì máa ń yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò kí ẹ̀rù má baà ba ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀.

A dábàá pé kí a máa pè é ní *ó-kù-díẹ̀*. Gbólóhùn tó di ọ̀rọ̀-orúkọ kì í ṣe tuntun nínú èdè wa. Ẹ wo ó-dàbọ̀. Kí ìwé kan wà ní gbogbo ibùdókọ̀ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tàbí nọ́ńbà fóònù kan tí èèyàn lè fi ohùn ránṣẹ́ sí: ibo ni ó-kù-díẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó, kí ló fà á? Kò gba orúkọ, kò gba ìtanràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kà á. Ibi tí ó-kù-díẹ̀ bá ti pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni ògiri ti lanu.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ṣe ohunkóhun ju pé wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa, ìyá wa, aládùúgbò wa ló wà nínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lónìí. Kí a tó bi ẹni tó ń wà á, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé: ihò wo ló wà lọ́wọ́ tiwa tí a lè dí?